Ìwé Mẹ́rin Tí Mo Fi Kọ́ Ọmọ-ọmọ Mi

Bàbá tó bí bàbá mi ló gbẹ́ ọ̀sà wa. Ọkọ́ ló fi gbẹ́ ẹ. Eyín rẹ̀ kan ló já bọ́ níbi tó ti ń jẹ àgbọn, ó ní òun ò ní í fi eyín òun ta akàn lọ́rẹ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ iyanrìn. Ó gbẹ́ ẹ láti ẹ̀bá Àgbádárìgì títí tó fi rí àwọn ilé Èkó lọ́ọ̀ọ́kán. Kò rí eyín. Ìgbà tó wẹ̀yìn pé kí òun máa padà bọ̀, omi ti kún gbogbo ojú ọ̀nà tó gbà lọ, ọkọ̀ ló wọ̀ délé.

Irọ́ ni, mo mọ̀. Ẹni tó bá ti bá mi jókòó lẹ́ẹ̀mejì mọ̀ pé tí mo bá ní òjò rọ̀ lánàá, kó yẹ ilẹ̀ wò kó tó gbà. Láti kékeré ni mo ti ń gbé irọ́ eyín yìí kiri, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Àfi ọdún tí ọmọ-ọmọ mi kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, tó kọ ọ́ dáadáa, tó fi àmì ìdánudúró síbi tó yẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kó ọ̀rọ̀ ara mi jẹ, kò sì ṣeé kó jẹ mọ́.

Abúlé wa wà lórí iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín òkun àti ọ̀sà. Yọjú lójú fèrèsé iwájú, òkun ni. Yọjú lẹ́yìnkùlé, ọ̀sà ni. Ilé-ìwé wà lódì kejì ọ̀sà, lọ́nà Ìwòrò, ọkọ̀ làwọn ọmọ sì ń wọ̀ lọ. Ọmọ-ọmọ mi náà ń bá wọn lọ títí tó fi dé kíláàsì kẹta. Ọmọ ọmọbìnrin mi ni. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní bodè Sẹmẹ, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń wálé. Bàbá rẹ̀ ti kú. Èmi àti ọmọ náà la jọ ń gbé. Ègùn ni wá, nítorí náà Dáàgbó ló ń pè mí, bí àwa ṣe ń pe bàbá àgbà nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jẹ́ SS. Ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀ nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Lónìí, á máa sá kiri etí òkun bí akàn. Lọ́la, òtútù díẹ̀ á fẹ́ sí i, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bíi pé ẹnì kan ń fi òòlù lù wọ́n látinú. Kò sì sí bí ọkọ̀ ṣe lè gbé ọmọ kọjá ọ̀sà lásìkò òjò kí omi má ta sí i lára. Nínú sáà kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbé e wálé láti ilé-ìwé. Lẹ́ẹ̀kẹrin, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Àgbádárìgì wojú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ yọ ọmọ yìí kúrò nínú omi."

Mo ní, "Dókítà, ẹja ni gbogbo wa níbẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ bi mí lórí fóònù pé ta ni yóò wá máa kọ́ ọ. Mo ní èmi ni.

"Bàbá, ìwé mẹ́rin lẹ kà."

"Ìwé mẹ́rin ayé ìgbà yẹn," mo ní. "Ó ju mẹ́wàá tòde òní lọ."

Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi àgbọn, ni mo fi ṣe kíláàsì. Mo yọ pákó lára ọkọ̀ tó ti gbó, mo fi èédú kùn ún, ó di pátákó ìkọ̀wé. Ọdún àkọ́kọ́ rọrùn. Mo mọ àròpọ̀, mo mọ ìyọkúrò, nítorí ẹni tó bá ti pín ẹja létí òkun fún àádọ́ta ọdún láìjẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀, onímọ̀ ìṣirò ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìyá rẹ̀ ń rà wálé bẹ̀rẹ̀ sí í ré mí kọjá. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà gbé ojú ìwé kan síwájú mi: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ká yọ ìdá méjì nínú márùn-ún kúrò níbẹ̀. Mo wò ó. Mo yí ìwé náà po, mo tún wò ó.

"Èyí tí wọ́n kọ síbí yìí," mo ní, "àwọn òyìnbó fúnra wọn ti pa á tì."

"Dáàgbó, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ojú ló ń dùn mí."

"Ẹ jẹ́ n kà á sókè fún yín."

Ó kà á sókè ketekete. Ojú ṣì ń dùn mí. Nígbà tó ṣe, ó gbé ìwé náà lọ sábẹ́ igi kejì, ó dá ara rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń fi èékánná ya ilà sínú iyanrìn, ó ń pa wọ́n rẹ́. Ó pẹ́ kó tó rí i ṣe. Èmi jókòó síbi pátákó mi bí ẹni tí ọjà rẹ̀ ti tán.

Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá dé sí i, kò sí ẹ̀kọ́. Mo máa ń gbé omi kaná, mo máa ń fún un ní oògùn tí dókítà kọ, mo máa ń fi àdí àgbọn tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ pa á lẹ́sẹ̀. Tí mo bá ti ṣe ìwọ̀nyí tán, kò tún sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Èmi tí àtẹ́lẹwọ́ mi le bí èèpo àgbọn, tí mo ti fa àwọ̀n tó kún fún ẹja jáde látinú òkun, n kò lè fa ìrora kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Á di ọ̀kan nínú ìka mi mú, á ní, "Dáàgbó, ẹ pa á."

Irọ́ ló ní kí n pa. Màá sọ fún un bí afẹ́fẹ́ ṣe já fìlà mi gbà lórí mi tó gbé e lọ sí Kútọnu, tó sì dá a padà ní ọjọ́ kẹta, tí wọ́n ti fọ̀ ọ́. Màá sọ nípa akàn tí mo so mọ́ imú ọkọ̀ tó wọ́ mi dé Ajídò. Tí ìrora bá kéré, irọ́ kékeré á tó o. Tó bá pọ̀, irọ́ ńlá ló lè gbé e. Ti ọ̀sà àti eyín ló tóbi jù nínú gbogbo wọn, ọjọ́ tó bá burú jù ni mo máa ń gbé e jáde.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ní òun fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ girama. Girama kan wà láàárín ìgboro Àgbádárìgì, ọ̀nà rẹ̀ kò kan omi rárá, kò sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ìyá rẹ̀ ti ní tó bá wọlé, òun á gba yàrá síbẹ̀, wọn á jọ máa gbé. Mo bi ọmọ náà pé kí ló ń kán an lójú tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan ni mò ń bá jà láti ọdún méjì," ó ní. "Ẹ kì í sì í na èèyàn padà."

Ìyá rẹ̀ lọ béèrè ní ilé-ìwé tó wà lódì kejì. Wọ́n ní ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ́jísítà, àwọn ò lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ó lọ sí òmíràn ní ọ̀nà Gbájì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Ọmọ mi padà wálé lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kò bọ́ gèlè, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. N kò ní ohun tí mo lè sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí kò wọ́pọ̀.

Olórí ẹgbẹ́ àwọ̀n wa ló mú ọ̀rọ̀ wá. A jọ dàgbà ni. Ó ní ìyàwó àbúrò òun ń gbé ẹja lọ fún obìnrin kan ní ìgboro, obìnrin náà ti ṣe tíṣà rí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé báyìí. Ó ní irú wọn pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, àwọn kan ń wá láti Morógbó pàápàá, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ jọ sí ilé obìnrin náà, ilé-ìwé kan sì ń bá wọn fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò.

Mo wẹ̀, mo de fìlà, mo gbé àgbọn mẹ́fà àti agbọ̀n ẹja yíyan kan, èmi àti ọmọ-ọmọ mi wá forí lé ilé obìnrin náà. Nílé tiwa, tí èèyàn bá ń lọ tọrọ nǹkan nílé onílé, kì í lọ bí alágbe. Á gbé nǹkan dání, á sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilé tó tó ilé lòún ti wá. Ohun tí mo lọ fi ṣe ara mi léṣe nìyẹn.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ bíi méje ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń gé páálí. Ó gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú mi pé kí n kọ orúkọ mi. Mo ní ojú ń dùn mí. Ọmọ-ọmọ mi gba pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́.

"Bàbá, ta ló ń kọ́ ọ nílé?"

"Èmi ni, màdáámù."

"Ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ tíṣà rí ni, sà?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òtítọ́. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, mo rí ìwé tó tò bí bíríkì láti ilẹ̀ dé òkè àjà, mo sì rántí bí ọmọ mi ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa tí kò bọ́ gèlè.

"Ọgbọ̀n ọdún," mo ní. "Púpọ̀ nínú rẹ̀, Pọ́tọ̀-Nófò ni."

Ọmọ-ọmọ mi yíjú sí mi. Mo ń wo àjà.

Obìnrin náà fún ọmọ náà ní ìbéèrè díẹ̀ láti dáhùn, kí ó lè mọ ibi tó dé. Ìṣirò wà níbẹ̀, kíkà wà níbẹ̀, ọ̀kan sì ní kó ṣàlàyé bí ọ̀sà ṣe máa ń wáyé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ìyẹn. Ojú ìwé méjì ló fi dáhùn rẹ̀. Obìnrin náà wà lórí ìdúró nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ́ ti ṣẹ́ mọ́ bàbá bàbá mi lọ́wọ́, ó jókòó.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Dáàgbó ni, mà."

"Dáàgbó tó ṣe tíṣà fún ọgbọ̀n ọdún."

Obìnrin náà wá wò mí fún ìwọ̀n àkókò tí èèyàn lè fi ha ìpẹ́ ẹja kan tán. Mo ti ń ro bí màá ṣe gbé agbọ̀n mi kúrò níbẹ̀.

"Ìṣirò rẹ̀ dáa," ó ní. "Ó ń kà dáadáa. A ó gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, Bàbá, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní Ọjọ́bọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá kàn á kọ́ gbogbo ọmọ. Ẹni tí kò bá ṣe tirẹ̀, a kì í fọwọ́ sí ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀, torí gbogbo wa ni à ń ṣiṣẹ́. Tiyín á jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní. Ẹ ó kọ́ wọn bí ọ̀sà ṣe dé ibi tó wà."

"Èyí yẹn gan-an?"

"Èyí yẹn gan-an, sà. Òtítọ́ ibẹ̀."

Nínú ọkọ̀, nígbà tí à ń padà bọ̀, ọmọ náà wo omi títí.

"Ìgbà wo lẹ ṣe tíṣà ní Pọ́tọ̀-Nófò?"

"Wọn ò tíì bí ọ."

"Ṣé ìgbà tí fìlà yín lọ sí Kútọnu ni?"

Atukọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

"Ti eyín náà ńkọ́, Dáàgbó? Ṣé irọ́ lòun náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo mọ̀ pé ti fìlà kì í ṣe òótọ́," ó ní. "Mo mọ ti akàn. Mo rò pé ìyẹn nìkan ló jẹ́ òótọ́, torí ìgbà tó bá ń dùn mí gan-an lẹ máa ń sọ ọ́."

Mo ti rì sínú òkun lẹ́ẹ̀mejì láyé mi, òótọ́ lèyí. Ti ọjọ́ yẹn ló ṣe ìkẹta, inú ọkọ̀ tó gbẹ ni mo sì wà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti dé etí òkun. Àwọn ẹgbẹ́ àwọ̀n ti wà lẹ́nu okùn.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o," olórí àwọ̀n kí mi. "Ẹ forí jì wá. A ò mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ìwé ló ń bá wa gbé òórùn ẹja kiri láti ọjọ́ yìí."

"Gbẹ́nu rẹ dákẹ́."

"Ẹ bá wa ka ìwé díẹ̀ sí ẹja létí, kó lè tètè jáde."

Mo di okùn mú lẹ́yìn rẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi fún un. Kò dáwọ́ fífà dúró. Létí òkun tiwa, a kì í pe èèyàn wá fa àwọ̀n. Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn nígbà tí àpò àwọ̀n ṣì wà nínú omi, ó ní ìpín, ì báà jẹ́ àlejò tó ń kọjá lọ. Ẹni tó bá dé nígbà tí àpò ti kan iyanrìn, ì báà jẹ́ baálẹ̀, òórùn ẹja ni tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

"Ìwọ ọ̀kan," ó ní, "agbọ̀n lo gbé lọ bá wọn. O ò tilẹ̀ béèrè ibi tí okùn wà."

"Wọ́n ti wá fi okùn lé mi lọ́wọ́ báyìí. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń fa irú rẹ̀."

"Ta ló mọ̀ ọ́n? Fà á."

Ìyẹn ni gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó ṣe fún mi.

Ọmọ-ọmọ mi ló wá di tíṣà mi. Àràárọ̀, kí oòrùn tó mú, á ṣí ìwé tó yá lọ́dọ̀ obìnrin náà, á kà á, á ní kí n tún un sọ. Ìwé náà ní omi òkun máa ń wọ́ iyanrìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òkun, pé fún ọdún gbọgbọrọ ló ń to iyanrìn náà jọ títí tó fi di odi, tí omi odò tó ń bọ̀ látòkè ò rí ọ̀nà jáde mọ́, ló bá tẹ́ rẹrẹ sẹ́yìn odi náà. Òun lọ̀sà. Àwa la wà lórí odi.

Ẹnu yà mí. Gbogbo ayé mi ni mo ti mọ̀ pé tí a bá ju àwọ̀n sómi níwájú ilé mi, iwájú ilé olórí àwọ̀n, lápá ìlà-oòrùn, la ti máa ń fà á jáde. Omi ló máa ń gbé e lọ. N kò bi ara mi rí pé kí ló tún ń gbé lọ. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ti ń sùn lórí iyanrìn tó ń rìn.

Ó kọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ sára páálí, gàdàgbà-gadagba, kí ojú tó ń dùn mí lè rí i. Páálí márùn-ún ni. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ wa, mo ti mọ mẹ́rin lórí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Ohùn eyín rẹ̀ tó ń lura wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ òjò. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni, àti ẹ̀yìn. Mo fún un ní oògùn. Mo gbé omi kaná. Fóònù mi ti kú láti àná, iná ò sí lábúlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Obìnrin ilé kejì tí mo lè fi ọmọ tì ti lọ kí ẹbí rẹ̀. Ọ̀sà lẹ́yìn ilé ti funfun, n kò rí ọkọ̀ kan lórí rẹ̀.

"Ẹ máa lọ, Dáàgbó."

"Ibo ni mò ń lọ?"

"Ẹ lọ. Orúkọ mi."

Mo de fìlà. Mo fi ọ̀rá wé àwọn páálí náà, mo há wọn sábíyá. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo tún dé ẹnu ọ̀nà. Tí mo bá dúró, orúkọ rẹ̀ ti lọ. Tí mo bá lọ, ta ni yóò di ìka mú? Mo dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, èkejì nínú òjò, àgbàlagbà tí kò wúlò ní ìhà méjèèjì. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó bọ́ fìlà.

Mo jókòó tì í. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ pa á."

Mo la ẹnu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ lè má gbà á: kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Eyín bàbá bàbá mi tó sọnù, ọmọ ti mọ̀ pé kò sọnù. Ohun tó wà lẹ́nu mi kò ju ti iyanrìn lọ, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyẹn, láti orí páálí kìíní. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mo fo ibì kan. Ó fún eyín pọ̀, ó ní, "Odò ló kàn." Mo padà sí odò. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí oògùn fi mú un, tó sùn lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn ti yọ, ọmọ náà ṣì wà lórí ẹní, mo rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ lórí ọ̀sà tí àwọn ọmọ kún inú rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sáàárín wọn, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú gírígírí bí ẹni tí kò wọkọ̀ omi rí.

"A retí yín, Bàbá," ó ní.

Mo kàn nawọ́ sí inú ilé. Ó wọlé, ó rí ọmọ náà. Ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú aṣọ dáadáa tó wọ̀, ó fa ẹsẹ̀ ọmọ náà kan sórí itan ara rẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ inú àwo àdí mi. Ìgbà yẹn ló tú jáde lẹ́nu mi.

"Màdáámù, n kì í ṣe tíṣà. Ìwé mẹ́rin ni mo kà."

"Mo mọ̀, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ní ojú ń dùn yín, tẹ́ ẹ sì ń fi ojú kan náà ka iye ìwé tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà wá?"

"Ojú ìwé méjì yẹn," ó ní. "Ọmọ tó lè kọ irun eyín... ẹ jọ̀ọ́, irọ́ eyín, bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹnì kan ti jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́."

Ọmọ-ọmọ mi rẹ́rìn-ín lórí ẹní, ó sì di ẹ̀yìn mú nítorí ó dùn ún.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ ìwé ìdánwò. Ó ní ọjọ́ Ajé ni àwọn máa fọwọ́ sí i. Ó ní òun kò lè sọ fún àwọn òbí yòókù pé ẹ̀kọ́ tí kò wáyé wáyé, torí wọ́n á bi òun. "Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ yín ṣì ń dúró dè yín. Àwọn ọmọ nìyí."

N kò rí páálí mi. Ẹ̀rù bà mí ju ti ìjì lọ. Mo kó wọn lọ síwájú ilé, mo fún ọmọ obìnrin náà tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ mi ní èèpo àgbọn kan, mo ní kó jù ú sómi, kí gbogbo wọn máa bá a rìn. Wọ́n bá a rìn létí òkun, wọ́n ń pariwo. Iwájú ilé olórí àwọ̀n ni ìgbì ti ju èèpo náà sílẹ̀. Mo ní bí omi ṣe ń gbé iyanrìn nìyẹn, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán nínú mi. Mo kó wọn padà sílé, ọmọ-ọmọ mi sì parí èyí tó kù láti orí ẹní. Mo kọ "iyanrìn" sára pátákó. Ó ní mo gbàgbé lẹ́tà kan. Gbogbo wọn rí i. Mo fi lẹ́tà náà sí i.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, àwọn ẹgbẹ́ àwọ̀n ń fa okùn lọ́wọ́, àpò ṣì wà nínú omi. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Àwọn ọmọ náà sáré lọ di okùn mú, obìnrin náà tẹ̀ lé wọn, ó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ sórí iyanrìn. Olórí àwọ̀n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀. Ó gbé ẹja kan wá fún ọmọ tó wà lórí ẹní pẹ̀lú. Mo ní kò fọwọ́ kan okùn. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọyẹ́ ń fẹ́ díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti wá láti Sẹmẹ, a wé ọmọ náà bí ẹ̀kọ. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá géètì. Mo dúró síta pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, àwọn òbí yòókù dúró yí mi ká, ọ̀kan gbé àga fún mi, òmíràn ní kí n mu nǹkan. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn kan kí àkókò lè lọ. N kò rí ọ̀kan sọ. Ojú fèrèsé gbọ̀ngàn yẹn ni mò ń wò, n kò sì mọ èwo ni tirẹ̀.

Ó fi ọwọ́ kan ara ògiri jáde. Ó ní ìbéèrè mẹ́wàá ló kù tí ẹsẹ̀ fi dé, pé lẹ́tà ò dúró sójú kan mọ́. Ó ní òun ò lè parí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n, bó ti dàgbà tó. Mọ́tò obìnrin náà la wọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n gbé gíláàsì sókè kí atẹ́gùn má wọlé. Mo jókòó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan mi, ọmọ obìnrin náà ló há sáàárín wa.

Èsì kò tíì dé títí di bí mo ṣe ń sọ èyí. Mo máa ń ka ìbéèrè mẹ́wàá yẹn lórí ìka mi, bíi pé mo lè dáhùn wọn.

Nínú mọ́tò yẹn, ó di ìka mi mú. "Dáàgbó, ẹ pa á. Ti eyín."

"O ti mọ̀ pé irọ́ ni."

"Ẹ pa á bẹ́ẹ̀."

Mo gbìyànjú, kò jáde. Ọmọ obìnrin náà wò mí, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti sọ ìtàn náà fún un rí, ló bá bẹ̀rẹ̀: "Bàbá tó bí bàbá Dáàgbó ló gbẹ́ ọ̀sà. Ṣọ́bìrì ló fi gbẹ́ ẹ."

"Ọkọ́ ni," mo ní.

"Ọkọ́ ló fi gbẹ́ ẹ. Eyín rẹ̀ ló já bọ́ níbi tó ti ń jẹ ìrèké."

"Àgbọn," ọmọ-ọmọ mi sọ, ó dijú. "Àgbọn ni. Máa bá a lọ."